Ẹ̀dà karùn-ún àwọn akọni mẹ́fà: ta ló da omi sí ọbẹ̀ yìí?

Òṣómàáló_Iléṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀dà karùn-ún ìwé àwòrán àwọn akọni Ifẹ̀ ti délẹ̀, ó sì já ni kulẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá wa bẹ̀rẹ̀: àwọn mẹ́fà ni wọ́n. Alágbẹ̀dẹ tí irin ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, Àyàn tí ìlù rẹ̀ ń pàṣẹ fún ẹsẹ̀ ènìyàn, Ìyá Aláró tí àdìrẹ rẹ̀ ń bo nǹkan kúrò lójú ayé, Ọdẹ pẹ̀lú ọ̀kọ̀ rẹ̀, Olómi ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àti ọmọdébìnrin kan tó ń gbọ́ èdè ẹyẹ. Ọ̀tá wọn ni àwọn tó fi ìko bora, àwòkọ àwọn tó ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú kí Mọ́remí tó tú àṣírí wọn.

Ẹ̀dà kẹrin parí síbi tí ẹnubodè ti ń jóná, tí òpó ti wó lu Alágbẹ̀dẹ. A dúró títí. Ẹ ṣí ẹ̀dà karùn-ún, kí lẹ bá? "Ní ọjọ́ kejì." Gbogbo wọn ti jókòó nínú yàrá kan, wọ́n ń gún iyán, ara Alágbẹ̀dẹ le koko. Ta ló pa iná? Ta ló gbé òpó? Ẹnu wọn kò bà á. Láti ojú-ewé 1 títí dé 10, ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ nínú yàrá yẹn, tí a bá yọ ìpolówó tó wà ní 7 kúrò. Ojú-ewé mẹ́sàn-án nínú 24!

Nígbà tí ìjà wá dé, ìbòjú olórí ọ̀tá ṣí ní ojú-ewé 15. Ó yẹ kó bani lẹ́rù, àmọ́ ojú ti rí i kí ènìyàn tó ka 14 tán, torí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n wà gbàgede. Àwòrán ńlá Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn gé sí méjì, ìdajì ní 17, ìdajì lẹ́yìn rẹ̀ ní 18. Ní 21 ọ̀tá ti ká gbogbo wọn mọ́. Ní 22 ọ̀tá ń sá lọ, ìlù Àyàn sì ti dé ọwọ́ Ìyá Aláró. Báwo? Ìyá Aláró yìí kan náà ni wọn ò yà ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú gbogbo ìjà ọ̀hún.

Lójú mi, iṣẹ́ ti sú òǹkọ̀wé. Ẹ̀yin ńkọ́?

Lágere_Pẹ́ńsù

Ó bá mi lára mu ní apá kan. Akọni mẹ́fà nínú ojú-ewé 24 kì í ṣe eré. Tí ẹ bá fi àpótí àwòrán márùn-ún sí ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, 120 àpótí lẹ ní. Ẹ pín in fún mẹ́fà, ẹ yọ ti ọ̀tá, ẹ yọ ti ibi ìran: ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní ju àpótí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá dúró pa pọ̀ lójú kan, ṣe ni gbogbo wọn á di èrò ọjà.

Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń ṣe ni kí wọ́n pín ẹgbẹ́ sí méjì méjì, kí wọ́n sì wá ìṣòro kan fún ìdì kọ̀ọ̀kan tí agbára ẹlòmíràn kò lè yanjú. Ẹnubodè irin ti há: ti Alágbẹ̀dẹ nìyẹn, Ọdẹ kò wúlò níbẹ̀. Ẹrú gbọ́dọ̀ gba àárín ọ̀tá kọjá láìfarahàn: Ìyá Aláró. Tí ẹ bá yọ akọni kan kúrò nínú ìtàn tí ìtàn náà kò yẹsẹ̀, akọni yẹn kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Nínú ẹ̀dà yìí ẹ lè yọ Olómi àti ọmọ ẹlẹ́yẹ, kò sí ohun tó máa bàjẹ́.

Bí mo ṣe máa pín in: ojú-ewé méjì láti pa iná ẹnubodè, mẹ́rin fún ìmọ̀ràn (kí wọ́n sì máa rìn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìjókòó), mẹ́rin mẹ́rin fún ìdì mẹ́ta, mẹ́fà tó kù fún ìgbà tí wọ́n tún pàdé. 24 ti pé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ 17 àti 18 yẹn kò yé mi. Ayàwòrán yẹn kì í ṣe ọmọdé.

Ẹnuwá_Atẹ̀wé

Ẹ fi òǹkọ̀wé sílẹ̀ ná. Ọ̀gá Òṣómàáló, ìpolówó tí ẹ fò kọjá yẹn gan-an lẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Nínú ìwé tí wọ́n fi píìnì gán láàárín, ojú-ewé 1 wà lápá ọ̀tún, ó kọjú sí inú èèpo iwájú. Nítorí náà 1, 3, 5, 7 wà lápá ọ̀tún títí lọ. 2, 4, 6 wà lápá òsì. Òǹkàwé kì í rí ojú-ewé òsì àfi ìgbà tó bá ṣí ewé. Ibẹ̀ la ti ń fi nǹkan ìyàlẹ́nu pamọ́: 14, kì í ṣe 15. Àwòrán tó bá gba ojú-ewé méjì náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lápá òsì: 16 àti 17. Èyí tó bá bọ́ sí 17 àti 18 ti di iwájú àti ẹ̀yìn ewé kan ṣoṣo. Kò sí ayàwòrán tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rò ni pé wọ́n mú ìpolówó wá nígbà tí iṣẹ́ ti parí, wọ́n sì kì í bọ 7. Èyí tó wà ní 7 sún sí 8, 14 di 15, 16 àti 17 di 17 àti 18. Ẹ wo bó ṣe bá gbogbo ẹ̀sùn yín mu.

Ó tún ku ọ̀kan. Bébà kan tí a ká sí méjì ń bí ojú-ewé mẹ́rin. 24 jẹ́ bébà mẹ́fà, èèpo ni ìkeje. Kò sí bí ojú-ewé 25 ṣe lè wà. Bí kì í bá ṣe 24, á di 28. Bí ìpolówó bá ti wọlé, ojú-ewé ìtàn kan ti jáde. Ayàwòrán yẹn máa ń kọ nọ́ḿbà tirẹ̀ wẹ́wẹ́ sí igun ìsàlẹ̀ àwòrán, lápá ibi tí píìnì wà. Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ sọ ohun tí ẹ rí.

Òṣómàáló_Iléṣà

Mo wò ó. Ojú-ewé 8 ní 7 ní igun. 15 ní 14. 17 àti 18 ní 16 àti 17. 21 ní 20. 22 ní 22.

Kò sí 21 o! Èèmọ̀ rèé. Ibẹ̀ ni ìlù ti kúrò lọ́wọ́ Àyàn.

Ẹnuwá_Atẹ̀wé

Ó ti jáde.

Ẹ̀yin tó ń gbé irú ìwé báyìí jáde, ẹ má ṣe gbé ìpolówó kan ṣoṣo sí inú ìtàn. Inú èèpo iwájú, inú èèpo ẹ̀yìn, àti ẹ̀yìn ìwé ni àyè rẹ̀, torí ìwọ̀nyí kì í yí nọ́ḿbà ìtàn padà. Bí èèpo bá ti kún, ẹ wá ìpolówó méjì, ẹ tẹ̀ wọ́n sí iwájú àti ẹ̀yìn ewé kan náà. Nọ́ḿbà á sún ní méjì, òsì á ṣì jẹ́ òsì. Bó ṣe ọ̀kan lẹ ní, àfi kí òǹkọ̀wé mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ojú-ewé 23 ló ní.

Kí ìwé tó lọ sí ẹ̀rọ, ẹ ká bébà funfun mẹ́fà bọ inú ara wọn, ẹ kọ nọ́ḿbà sí i, ẹ kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó wà ní ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá ṣí i bí òǹkàwé. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Àárín gbùngbùn ìwé, 12 àti 13, ni ibi tó dára jù fún àwòrán ńlá, torí ojú kan náà lórí bébà kan ni. Níbòmíràn, apá méjèèjì á wà lórí bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì lè má ṣe déédéé. Ẹ má fi ojú ènìyàn sí ibi ìká.

Àmì_Ohùn

Ẹ̀yin ń wá ojú-ewé tó sọnù, ẹ wá wo ojú-ewé 12 tó wà níbẹ̀. Ọ̀tá ń bọ̀, Alágbẹ̀dẹ ké sí Ọdẹ pé: "JU ỌKỌ RẸ LÙ Ú!"

Ọkùnrin ni Ọdẹ. Ọkọ wo ló fẹ́ jù?

Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ. Ní 19 ẹ̀wẹ̀, ọmọ ẹlẹ́yẹ kígbe pé "ỌKỌ TI DÉ O", ó sì tó àpótí mẹ́ta kéèyàn tó mọ̀ pé mọ́tò ló ń wí. Gbogbo ìwé náà, kò sí àmì ohùn kan lórí ẹ àti ọ. Lórí a, e, i, o àti u àmì wà. "TI DÉ" ní àmì lórí É. Èyí ló jẹ́ kí n mọ ohun tó fà á.

Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kóòdù, ẹ ní kóòdù tirẹ̀ (U+1EB9), ọ ní tirẹ̀ (U+1ECD), ṣ ní tirẹ̀ (U+1E63). Ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo. Lẹ́tà la ó kọ́kọ́ tẹ̀, ká wá gbé àmì òkè (U+0301) tàbí àmì ìsàlẹ̀ (U+0300) lé e lórí. Fọ́ǹtì (ìrísí lẹ́tà inú kọ̀ǹpútà) tó bá mọ̀ nípa èyí á gbé àmì náà sí àárín orí lẹ́tà. Púpọ̀ nínú fọ́ǹtì ìwé àwòrán, tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì, kò mọ̀ ọ́n: àmì á fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Ó ṣe kedere pé ó sú ẹni tó kọ lẹ́tà, ló bá ṣí gbogbo wọn kúrò.

Àtúnṣe: àwọn fọ́ǹtì bíi Charis SIL, Gentium, Andika àti Noto Sans mọ ibi tí àmì ń jókòó. Andika ló sún mọ́ ìkọ̀wé ọwọ́ jù nínú wọn. Ìwé àṣẹ wọn gbà kéèyàn tún lẹ́tà wọn ṣe kó lè rí bíi ti akọni, bí a bá ti fún èyí tí a tún ṣe ní orúkọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ àlàfo náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì lè fún mọ́ra torí kò sí nǹkan lókè, kò sí nǹkan nísàlẹ̀. Tiwa ní fìlà lórí, ó ní bàtà lẹ́sẹ̀. Bí lẹ́tà bá jẹ́ póìǹtì 8, ìlà gbọ́dọ̀ tó póìǹtì 11 tàbí 12, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí Ọ ti ìlà òkè á gún àmì ti ìlà ìsàlẹ̀ lójú. Ẹ kọ Ọ̀ṢỌ̀Ọ́RỌ̀ sí ìlà méjì léra wọn kí ẹ wò ó. Èyí sì túmọ̀ sí pé bàlúùnù ọ̀rọ̀ (òbìrìkìtì tí ọ̀rọ̀ ẹnu akọni wà nínú rẹ̀) á gbòòrò ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, kí ayàwòrán fi àyè sílẹ̀ lókè àpótí láti ìgbà pẹ́ńsù. Ọ̀rọ̀ 25 nínú bàlúùnù kan ti pọ̀ jù fún wa. Ẹ jẹ́ kó mọ ní 18 tàbí 20.

Bí ẹ bá parí, ẹ sọ lẹ́tà di ìlà àwòrán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí atẹ̀wé. Kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lè má ní fọ́ǹtì yín, á sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láì bi yín.

Ọmọ_Àyànágalú

Ẹ ṣé, Àmì_Ohùn. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọ̀rọ̀ àmì kò tó nǹkan, ẹ rántí pé Àyàn wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ohùn nìkan ni ìlù ń sọ, kò ní lẹ́tà. Wọ́n kọ "KÓ KÓ KÓ" sí ẹ̀gbẹ́ ìlù rẹ̀ bíi pé ìlẹ̀kùn ló ń kàn. Ta ni KÓ KÓ KÓ pàṣẹ fún?

Ohun tí mo bá fẹ́ rí ni kí wọ́n tẹ́ ọ̀rọ̀ ìlù sí ipele mẹ́ta láìfi bàlúùnù yí i ká. "Ẹ sáré padà": ẹ wà láàárín, sá àti ré gòkè, pa padà sí àárín, dà lọ sílẹ̀. Ojú á máa gun òkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, òǹkàwé á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ. Kò sí ìwé akọni ilẹ̀ òkèèrè kan tó lè ṣe irú ẹ̀.

Ọ̀pá ìlù náà kò dára. Kọ̀ǹgọ́ tẹ̀ lórí, kì í nàró bí igi ọwọ̀. Apá ni wọ́n fi ń fún ọṣán kí ohùn tó lè yí. Nínú ìwé yìí ìlù kàn rọ̀ sí i lọ́rùn, apá rẹ̀ méjèèjì wà lókè.

Ọmọ_Ìjọ̀ka

Kí ẹ tó lọ: ní ẹ̀dà kẹrin Olómi ń sọ "ulé" àti "uṣu" bí ojúlówó ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Nínú èyí ó ti di "ilé" àti "iṣu". Ṣé ó ti kó lọ sí Ọ̀yọ́ ni?

Mọ́remí_Kékeré

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, àwòrán náà ṣì rẹwà lójú tèmi. Àwọ̀ nìkan ló dà mí láàmú. Lórí fóònù, nígbà tí wọ́n fi èèpo rẹ̀ hàn wá, àdìrẹ Ìyá Aláró jẹ́ aró gidi. Nínú ìwé ó ti di elése àlùkò. Ṣé yíǹkì ayédèrú ni?

Ẹnuwá_Atẹ̀wé

Rárá, àbúrò. Ìmọ́lẹ̀ ni fóònù fi ń ya àwọ̀, yíǹkì mẹ́rin ni ẹ̀rọ fi ń yà á: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú. Aró wà lára àwọ̀ tó máa ń ṣini lọ́nà jù nígbà tí a bá ń sọ ti fóònù di ti yíǹkì. Bí búlúù bá jẹ́ 100 nínú ọgọ́rùn-ún, tí pupa náà jẹ́ 100, àlùkò ló máa jáde dandan. Kí pupa fi ó kéré tán 30 rẹlẹ̀ sí búlúù: 100 àti 70, tàbí 100 àti 60. Kí wọ́n yí àwòrán sí àwọ̀ yíǹkì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ún, kì í ṣe lọ́jọ́ tó ń lọ sí ìtẹ̀wé.

Dúdú inú òru náà ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí 100 ti da yíǹkì 400 sórí bébà. Kì í gbẹ, á sì yí mọ́ ojú-ewé tó kọjú sí i. Búlúù 60, pupa 40, yẹ́lò 40, dúdú 100 ti tó, 240 péré. Ní ti lẹ́tà, dúdú nìkan ṣoṣo. Bí yíǹkì mẹ́rin bá wà lára lẹ́tà, tí bébà sún díẹ̀ báyìí, lẹ́tà á ní òjìji pupa, bí ẹ ṣe rí i ní ojú-ewé 4.

Lágere_Pẹ́ńsù

Ẹ ti gba ayàwòrán sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹjọ́ 15 àti 17, ó dára. Ẹ jẹ́ kí n wá fi èyí tó jẹ́ tirẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn ga tó mítà márùn-ún ààbọ̀. Bí ènìyàn bá ga ní mítà 1.7, ó máa ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Nínú àwòrán ńlá yẹn, èjìká Alágbẹ̀dẹ ló dé! Òkúta sì ni, pẹ̀lú ìṣó irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn lára. Ó ya òkúta, kò ya ìṣó kan. Akọni tí irin ń gbọ́ràn sí lẹ́nu dúró síwájú òkúta tó ní irin lára, wọn ò sì lo ìyẹn. Ìdí ìtàn odindi kan ló sọnù síbẹ̀.

Láti ojú-ewé 19, ẹ̀yìn àwọn akọni ti di òfìfo. Kò sí ilé, kò sí igi. Àmì pé àsìkò ti ká a mọ́ nìyẹn. Ojú-ewé kan lóòjọ́ ni ayàwòrán tó yára lè fi pẹ́ńsù yà dáadáa. Kíkun yíǹkì sí i tún wà lọ́tọ̀. Ojú-ewé 24 láàárín oṣù kan fún ẹnì kan ṣoṣo, Ọjọ́ Ìsinmi kò sí níbẹ̀. Power Man, ìwé àwòrán akọni tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ wa ní 1975, Dave Gibbons àti Brian Bolland ló ń yà á ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń gba ẹ̀dà mọ́ ara wọn lọ́wọ́: ẹnì kan ya èyí, ẹnì kejì ya èyí tó tẹ̀ lé e. Ó yẹ kí àwọn tiwa náà wá ẹnì kejì.

Òṣómàáló_Iléṣà

Mo gba gbogbo rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ayàwòrán nípa 15. Ṣùgbọ́n ìpolówó kọ́ ló kọ "Ní ọjọ́ kejì". Igun ojú-ewé 1 ní 1, 2 ní 2. Kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Òǹkọ̀wé ló fi iná lé ẹnubodè, òun ló sì sá fún un. Ojú-ewé mẹ́sàn-án ti ọ̀rọ̀ nínú yàrá, òun náà ni.

Ẹ̀dà burúkú ṣeé tún ṣe bí ẹni tó ní làákàyè bá gbà á. Avengers 200, ìwé akọni ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti oṣù kẹwàá 1980, ba akọni obìnrin wọn kan, Carol Danvers, jẹ́ débi pé àwọn òǹkàwé bínú gidigidi: ẹni tó fi agbára gba ọkàn rẹ̀ ló tẹ̀ lé lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ẹ̀rín sìn ín. Ní 1981, òǹkọ̀wé Chris Claremont kò ṣe bíi pé kò ṣẹlẹ̀. Nínú Avengers Annual 10 ó mú Carol padà, ó sì jẹ́ kó sọ ọ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú pé wọ́n já òun kulẹ̀. Kí ti ẹnubodè náà rí bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀dà kẹfà. Kí Alágbẹ̀dẹ bi wọ́n pé ta ló gbé òpó kúrò lára òun, kí ojú ti ẹnìkan.

Mọ́remí_Kékeré

Ojú-ewé 21 tó sọnù ńkọ́? Ẹ̀dà tó kù nílẹ̀ ṣì pọ̀. Ṣé wọn ò lè tẹ ojú-ewé yẹn sórí bébà kan, kí wọ́n kì í bọ àárín 21 àti 22?

Àmì_Ohùn

Iwájú àti ẹ̀yìn ewé kan náà ni 21 àti 22, ọmọ mi. Kò sí àárín níbẹ̀.

Ẹnuwá_Atẹ̀wé

Ó ṣeé ṣe, àmọ́ kì í ṣe kíkì bọ̀ ọ́. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ojú kan bébà, kí wọ́n gé fífẹ̀ rẹ̀ kúrú ju ti ìwé lọ ní mìlímítà mẹ́wàá. Kí wọ́n fa gọ́ọ̀mù tín-ín-rín, mìlímítà márùn-ún, sí etí òde ojú-ewé 21, kí wọ́n lẹ etí òsì bébà náà mọ́ ọn, kí wọ́n ká a sínú. Ojú tí wọ́n tẹ̀ á wà nínú, ẹ̀yìn funfun á bo 21. Kí wọ́n kọ "ṢÍ I" sára funfun yẹn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òǹkàwé á rò pé ojú-ewé òfìfo ni. Bó bá ṣí i, 21 á wà lósì, èyí tó sọnù á nà síta lọ́tùn-ún, á ka méjèèjì tẹ̀ léra kó tó yí ewé sí 22.

Kí wọ́n fi ẹ̀dà mẹ́wàá dán an wò kí wọ́n tó lẹ ìyókù. Gọ́ọ̀mù olómi máa ń jẹ́ kí bébà tín-ín-rín ṣe wúruwùru. Tépù olójú méjì ló dára jù níbẹ̀.